Àjọ Ọ̀rọ̀ Tí Àsàbí Dá

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Àlá kan ni mo fẹ́ rọ́ fún yín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo lá a. Àsàbí ló lá a, òun náà ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ rọ́ ọ fún wa. Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe máa sọ ọ́. Bí oorun bá ń kun ẹnikẹ́ni níbí, kó máa sùn lọ, bóyá òun náà á pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Kì í ṣe òru ni ó lá a. Ojú ọ̀sán gangan ni, nítorí iṣẹ́ òru ni Àsàbí ń ṣe, ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń jí, ìgbà náà ni tirẹ̀ ń wọ ibùsùn. Ọmọ Ìgbétì ni. Ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n bí i sí, ẹsẹ̀ òkè ló dàgbà sí, ọdún tí ó sì ti lò lókè òkun kò tíì yọ òkè náà kúrò lára rẹ̀.

Kí n tó sọ àlá, ẹ jẹ́ kí n sọ alálàá. Àsàbí mọ nǹkan tọ́jú. Bí ọṣẹ ìfọyín bá tán nílé àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á jù ú nù. Ní ti Àsàbí, abẹ ni yóò fi la ikùn rẹ̀, yóò sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú rẹ̀ títí tí ikùn yóò fi mọ́ bí àwo. Ẹ lè ṣí fírísà rẹ̀ kí ẹ rí ike áísìkiriìmù tó tò gègèrè síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín yọ̀ o. Ata ni, ọbẹ̀ ni, ẹ̀fọ́ ni. Áísìkiriìmù kò sùn níbẹ̀ rí. Nígbà òtútù, kì í tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná àfi bí eyín ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn.

Kò ní mọ́tò. "Ẹnu mélòó ni mo fẹ́ bọ́?" báyìí ni ó máa ń wí. "Mọ́tò ń jẹ epo, ó ń jẹ táyà, ó ń jẹ ìnṣọ́ránsì. Bó bá tún sùn síbi tí kò tọ́, ọlọ́pàá á lẹ ìwé owó ìtanràn mọ́ ọn níwájú orí. Èmi á wọ bọ́ọ̀sì tèmi jẹ́jẹ́." Bọ́ọ̀sì yìí ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Òun náà ló ń gbé ọkọ rẹ̀, Gbádébọ̀, lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀, nítorí ojú Gbádébọ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, kò sì lè wa ohunkóhun mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n rí fi pamọ́, orí ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìgbétì ni wọ́n ń ná an sí. Ilé náà ti ní ògiri, ó ti ní fèrèsé. Páànù ló kù.

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Ìgbìmọ̀ ìlú náà ní àwọn fẹ́ yọ bọ́ọ̀sì yẹn kúrò, pé èrò rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá sọ ọ́. Gbádébọ̀ lọ sí ìpàdé kìn-ín-ní, ó sọ tirẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n wá ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ń dùn ní gbogbo àdúgbò yẹn, a jẹ́ pé bọ́ọ̀sì náà kò ṣe pàtàkì nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àsàbí lá àlá yìí ni ìpàdé ìkẹyìn. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ ní ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ, páànù orí ilé ni yóò di mọ́tò, òjò Ìgbétì yóò sì máa rọ̀ sínú yàrá.

"Àsàbí," ni Gbádébọ̀ wí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń tú gèlè tó fẹ́ sùn, "ó ku ìwọ o. Ìrọ̀lẹ́ òní ni."

"Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú tèmi, Bàbá Moyọ̀."

"Kí lò ń tọ́jú?"

"Ẹ̀tọ́ mi ni. Ẹ̀tọ́ dà bí owó. Ẹni tó bá ń ná an sórí gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí, ọjọ́ tí ọ̀ràn ńlá bá dé, àpò òfìfo ni yóò kiwọ́ bọ̀. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè tí wọ́n sọ mí di ọmọ ìlú wọn, ṣé ẹ rí mi kí n máa sáré kiri? Ìbò tí wọ́n dì lọ́jọ́sí ńkọ́? Mi ò dì í, mo fi tèmi pamọ́. Ọdún tí ìlú bá dàrú tán pátápátá, màá jáde, màá sì dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ti ọdún náà, àti èyí tí mo fi pamọ́."

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tó ń dùn ún.

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ń dìbò bí ẹni tó ń dá àjọ?"

"Ta ló sọ fún yín pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Òfin wọn ni! Òfin ní kí o sọ tinú rẹ. Ó ní bí bàtà bá ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀, kí o kígbe sí ìjọba létí. Ṣebí ìwọ lo kọ́ ọ sórí kí wọ́n tó gbé ọ dìde, tí o ń kà á létí mi bí ẹyẹ ayékòótọ́."

"Mo kọ́ ọ sórí, mi ò ní mo fẹ́ lò ó. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó. Àlejò tó dé lánàá kò gbọdọ̀ máa pariwo nílé onílé."

"Ọmọ ìlú tó ń pe ara rẹ̀ ní àlejò!" Gbádébọ̀ fọwọ́ wá ògiri, ó ń lọ sí kíṣíìnì. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Máa sùn. Ìwọ tí o mọ nǹkan fi pamọ́, bá mi gbé bọ́ọ̀sì náà sínú fírísà."

Àsàbí pòṣé, ó jókòó sínú àga gbọ̀ọ̀rọ̀, ó fi ìborùn bo ojú nítorí oòrùn, oorun sì gbé e lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni agogo kẹ̀kẹ́ nínú kíṣíìnì. Bí a bá wà lójúfò tí a gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ nínú kíṣíìnì, à á fò dìde. Lójú àlá, ohun tí Àsàbí rò ni pé ṣé táyà rẹ̀ mọ́. Ó dé ibẹ̀, ó bá Bàbá Sùmọ́nù alájọ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ kan ti fìríìjì. Bàbá yìí ló ń gba àjọ ní Ìgbétì nígbà tí Àsàbí wà ní kékeré. Ó ti kú kí Àsàbí tó lọ́kọ. Àsàbí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ lójú àgbàlagbà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ rọra o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

"Àsàbí ọmọ mi, mo wá gba ti òní."

"Owó kò sí lọ́wọ́ mi báyìí, Bàbá."

"Owó kẹ̀? Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ owó? Ọ̀rọ̀ ni mò ń gbà. Èyí tí o kò sọ lónìí, kó o wá."

Àsàbí wú ikọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n dà bí ẹ̀wà, wọ́n ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀kan ni èyí tí ó fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó gbé e mì. Ọ̀kan ni ti obìnrin tó gba iwájú rẹ̀ nígbà tí wọ́n tò sílà ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó tóbi jù, tó rí bí kóró àgbálùmọ̀, ti bọ́ọ̀sì ni. Bàbá Sùmọ́nù gbà á, ó jù ú sínú àpò ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó mi àpò náà, ó ń dún wórowòro.

"Ó ti kún o. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n fẹ́ pa bọ́ọ̀sì yín. Lọ kó àjọ rẹ kí o ná an."

"Níbo ni n ó ti kó o?"

"Ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kí o tètè, ó ti gbéra nílẹ̀."

"Ọ́fíìsì máa ń gbéra?"

"Bí kò bá sẹ́ni tó dì í mú, kí lo fẹ́ kó ṣe?" Bàbá Sùmọ́nù lu agogo, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù àwo, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Bí ó ṣe lọ ni fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn láti inú. Àsàbí ṣí i. Gbogbo ike áísìkiriìmù jókòó síbẹ̀ bí àwọn ìyá ìjọ, wọ́n ń wò ó.

"Èwo nínú yín ló ń kànkùn?"

"Èmi ni, Ìyá," ni ike funfun kan wí láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ṣé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kọ́ ni ìwọ?"

"Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún mi. Ìbò yín ni mí. Òtútù ń mú mi."

"Pẹ̀lẹ́, má bínú. Mi ò kọ nǹkan sí ẹ lára ni, mo sì ti gbàgbé ojú rẹ." Ó fi ìborùn wé ike náà bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ tuntun, ó ká òṣùká, ó gbé e rù.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò bá òpópónà Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ òkè Ìgbétì ló bọ́ sí, yìnyín sì bo òkè náà láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sórí yìnyín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ń gbẹ báyìí?"

"Ó ń gbẹ ju ti oòrùn lọ," ni ọ̀kan dá a lóhùn. "Oòrùn máa ń gbà á padà."

Ó bọ́ sí Àsàbí létí dáadáa. Ó ń rò ó pé òun yóò sọ fún Gbádébọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ rẹ̀ ni ọṣẹ ìfọyín ilé rẹ̀ gan-an, ó jókòó ṣánṣán sídìí ọwọ́ ọkọ̀, ikùn rẹ̀ là láti àyà dé ìdodo.

"Ẹ wọlé, Ìyá Moyọ̀."

Àsàbí wọlé, ó jókòó, ó ń wo fèrèsé. Ìtìjú mú un díẹ̀. "Ẹ dákun," ó ní, "ní ti ikùn yẹn…"

"Kí ló ṣe é? Ẹ ṣeun ni mo fẹ́ wí. Gbogbo ayé ní mo ti tán, ẹ̀yin ní mi ò tíì tán. Ohun tó kù nínú mi, bí ẹ kò bá tẹ̀ mí, gbígbẹ ni ìbá gbẹ síbẹ̀."

"Ohun tí mo máa ń sọ fún ọkọ mi nìyẹn!"

"Ẹ máa sọ ọ́ fún ara yín náà," ni ọṣẹ wí, ó sì yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òkè.

Bọ́ọ̀sì ń gun òkè, bó ṣe ń gùn ún ló ń kéré sí i. Àga kọ́kọ́ dín kù, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, òrùlé bọ́ọ̀sì kan Àsàbí lórí. Kó tó wo ọ̀tún wo òsì, kò sí èrò mọ́, kò sí awakọ̀, òun ló ń fẹsẹ̀ rìn, bọ́ọ̀sì sì wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò ju àgbébọ̀ adìẹ lọ. Ó ń mí. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì.

"Fara balẹ̀," ni Àsàbí wí fún un. "A fẹ́ lọ kó àjọ ni."

Ní orí òkè gan-an ni ó ti rí ọ́fíìsì náà lókè. Ó ń fì lójú ọ̀run bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tòun ti fèrèsé, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù, tòun ti àsíá. Okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ àpáta, ọ̀rá ọjà ni, tí wọ́n ta kókó mọ́ ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Inú Àsàbí dùn sí i. Ó ní, "Ìjọba tó ń tọ́jú ọ̀rá, a lè bá wọn sọ̀rọ̀." Ó di okùn mú, ó gùn ún, ike lórí, bọ́ọ̀sì lábẹ́ apá. Ẹ má bi mí léèrè ọwọ́ tó fi gùn ún. Èmi náà bi í, ó ní òun kò wo ibẹ̀.

Inú ọ́fíìsì dára. Kápẹ́ẹ̀tì wà, tíì wà, àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan, olúkúlùkù pẹ̀lú táì lọ́rùn. Alága wọn wo Àsàbí láti orí awò ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

Ọmọ tí a bá kọ́ nílé kì í nàró kí àgbà. Àsàbí kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà ìlú. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

Bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan kápẹ́ẹ̀tì, ọ́fíìsì gbọ̀n rìrì, ó sì fò sókè sí i. Àsàbí rò pé bóyá ìkíni òun ni kò tó. Ó tẹrí ba mọ́lẹ̀. Ọ́fíìsì tún lọ sókè. Ẹyẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ òfuurufú kọjá nísàlẹ̀ wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni alága wí, ó ń di tábìlì mú. "Àwọsánmà ti ń bọ́ sínú tíì mi."

"Wọn kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, sà. Mi ò lè nàró bá àgbà sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé wa lọ sókè o! A kò ní a fẹ́."

"Èmi fẹ́ o," ni ẹnìkan wí ní ìpẹ̀kun tábìlì, ó ń yẹ táì rẹ̀ wò.

Àsàbí gbà láti lóṣòó. Ọ́fíìsì dúró lójú kan, ó ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Àjọ mi ni mo wá kó, sà."

Alága fi ọwọ́ họ àgbọ̀n. Níbi tó ti ń họ ọ́ ni irùngbọ̀n ti ń hù jáde, funfun, tó sì ṣe ṣóńṣó. Ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Kò jọ pé ó mọ̀. Ó ń bá ìpàdé rẹ̀ lọ, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó kàn báyìí ni mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Mẹ̀ẹ̀ gígùn ni, sà, àbí kúkúrú?" ni akọ̀wé béèrè. Kó tó gbọ́ èsì, òun náà ti di ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà á lọ láti ìpẹ̀kun tábìlì kan dé èkejì, títí gbogbo ìgbìmọ̀ fi di ewúrẹ́ tó wọ táì. Kò ya Àsàbí lẹ́nu. Ní Ìgbétì, ewúrẹ́ a máa wọ ilé ìpàdé, a dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló pè é. Ohun kan ṣoṣo tó rò ni pé òun ìbá mú èèpo iṣu dání.

"Ẹ dákun, sà, àjọ mi dà?" ó tún béèrè. "Ọ̀rọ̀ tí mo fi pamọ́ sọ́wọ́ Bàbá Sùmọ́nù. Ó pọ̀. Ó ti pẹ́."

Ewúrẹ́ wo ewúrẹ́. Alága ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹnu rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò yára. Ó gbé e mì.

"Hà," ó ní. "Ṣé tiyín ni? A ti jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"A rò pé wọ́n dà á nù ni. Ẹ̀yin náà mọ ìwà wa, màmá. Ohun tí olówó rẹ̀ kò bá dúró tì, tewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dùn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yín níyọ̀."

Díẹ̀ ló kù kí Àsàbí dúpẹ́. Ó rántí pé òun kò tíì tán lọ́wọ́, ó sọ ike kalẹ̀ lórí. "Kò burú. Mo ṣì ní èyí." Ó ṣí i. Ìbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kékeré, ó di yìnyín, ó ká ara rẹ̀ kò bí ọmọ ẹyẹ.

"Dìde, a ti dé ibẹ̀. Ìwọ ni màá lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màá lò ẹ́."

Ìbò sín. "Ìyá, ọjọ́ mi ti lọ. Òwúrọ̀ kan báyìí ni wọ́n dá mi fún. Ẹ kò jẹ mí nígbà tí mo gbóná." Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ń yọ́, ó yọ́ gba àárín ìka rẹ̀, ó kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ewúrẹ́ kan wá, ó lá a, ó padà sáyè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlá náà ti kọ́kọ́ dun Àsàbí. Ó ń wo ojú ibi tó tutù lórí kápẹ́ẹ̀tì. Òun tí kò fi ìyẹ̀fun gàrí ṣòfò rí.

Alága fi pátákò lu tábìlì. "Ó kan bọ́ọ̀sì! Ẹ gbé e wá. Kékeré ni, kò ní gba àkókò wa." Ẹnìkan ti ń pọ́n ọ̀bẹ lábẹ́ tábìlì. Bọ́ọ̀sì ki orí bọ abẹ́ apá Àsàbí, ó ń gbọ̀n. "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ kí a tó dúńbú rẹ̀?"

Àsàbí wẹ̀yìn bóyá ọkọ òun wà níbẹ̀. Kò sí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀fun rẹ̀ fún pinpin. Ó fọwọ́ kan ọrùn, ó bá ọ̀rá níbẹ̀, wọ́n ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi etí rẹ̀ sínú. Ojú ẹsẹ̀ ló mọ kókó náà. Ọwọ́ tirẹ̀ ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń ta kókó bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ń rọra tú u, kí ọ̀rá má baà ya, nítorí ọ̀rá tó ṣì lágbára ni. Ewúrẹ́ gbogbo ń dúró dè é. Ọ̀kan wo aago. Nígbà tó tú tán, ó nà án, ó ká a ní igun mẹ́ta, ó fi sí àpò. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu.

Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ omi ìlú tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á máa mí hẹ̀, á máa mí hẹ̀. Ní Ìgbétì, omi díẹ̀ ni wọ́n máa ń bù sí i lẹ́nu kó tó gbà. Àsàbí bu díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Nǹkan ta lọ́fun rẹ̀. Ó ní, "Bọ́ọ̀sì," ìpẹtà sì bá a jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Bọ́ọ̀sì yìí ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́."

Èyí mọ́ díẹ̀.

"Òun ló ń gbé ọkọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú rẹ̀. Ojú náà ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èrò inú bọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ka ojú ọkọ mi mọ́ ọn?"

Ó wá ń ya bí omi òjò. Ó sọ ti ìyá arúgbó tó ń bá wọn wọ̀ ọ́ lọ ra oògùn. Ó sọ ti òtútù ìdúró ẹ̀bá ọ̀nà. Ó sọ ti páànù. Ohun tó sì yà á lẹ́nu, òun tí ewúrẹ́ tó wọ táì kò yà lẹ́nu, ni pé bó ṣe ń ná an tó, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ó fi ahọ́n wo inú ẹnu rẹ̀, ó kún. Owó kì í ṣe báyìí. Ó dà bí omi ọmú abiyamọ, tí ọmọ ń fà tí òmíràn ń sun, tó jẹ́ pé bí ọmọ kò bá fà á ni yóò gbẹ. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ba ẹni tó bá rí nǹkan tó pọ̀ jù nínú àpò ara rẹ̀, tó ń wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n ń lé e bọ̀.

Kò mọ ìgbà tí òun nàró. Bó ti nàró ni ọ́fíìsì ń bọ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú bọ́ sókè wọn, ẹyẹ bọ́ sókè wọn, ohùn àwọn obìnrin elélùbọ́ ń súnmọ́. Irùngbọ̀n alága re sórí tábìlì. Ó gbé etí sókè.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

"Ẹ má yọ ọ́!" ni Àsàbí ké. "Mo ní ẹ má yọ bọ́ọ̀sì wa! Èmi kì í ṣe àlejò níbí! Ọmọ ìlú ni mí!"

Ọ́fíìsì balẹ̀ gbì.

Ó lajú. Orí ìdúró ló wà, níwájú àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ ṣánṣán. Oòrùn ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbádébọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ó gbé àwo ewé lẹ́túúsì tútù dání, nítorí dókítà ní ewé dára fún ojú rẹ̀. Ewé kan rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò yára.

Àsàbí wò ó títí.

"Bàbá Moyọ̀, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Tó bá jẹ́ èmi kọ́, ta ni? Ta lò ń bá jà? Igbe rẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé lókè orí wa, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀."

Àsàbí fẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì já. Ó há kẹ́kẹ́, ó ń jáde bí ohùn ọ̀pọ̀lọ́. "Ìpàdé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo bí ohùn rẹ ṣe rí." Gbádébọ̀ gbé àwo sílẹ̀, àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é. "Jókòó, Àsàbí. Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ìwọ̀nba tó kù lọ́fun rẹ yẹn, tọ́jú rẹ̀."

Àsàbí ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ó ń wá èkejì.

"Rárá o," ni ó wí. "Ìwọ̀nba tó kù yìí, màá ná an tán ní ìrọ̀lẹ́ yìí."